Òpójẹ̀ Tó Tóbi Jù Lọ Nínú Àwọn Tó Ń Dá Ẹ̀jẹ̀ Padà Sínú Ọkàn: Kí Ni Ìró Lè Fi Hàn Nípa Rẹ̀?

Ẹ FOJÚ inú wo àwọn aláìsàn méjì tí wọ́n gbé dé ilé ìwòsàn kan náà ní òru ọjọ́ kan náà. Èkíní jẹ́ ìyálọ́jà kan tó ti ń yàgbẹ́ gbuuru, tó sì ti ń bì láti àárọ̀. Èkejì jẹ́ bàbá àgbàlagbà kan tí ọkàn rẹ̀ ti ń ṣàárẹ̀ láti ọdún mélòó kan wá. Ìfúnpá àwọn méjèèjì ti wálẹ̀ gan-an. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn tutù, ọkàn wọn ń lù kìkì, wọ́n sì ń mí gúlegúle. Ohùn kan náà ni àwọn mọ̀lẹ́bí wọn fi ń bẹ dókítà pé: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè fa omi sí wọn lára!”

Dókítà kò tíì dá wọn lóhùn. Ó fa ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ra, ó fi ohun kan tó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá pa òkè ikùn ìyálọ́jà náà, ó sì tẹ ọwọ́ ẹ̀rọ náà mọ́ abẹ́ àyà rẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ṣe bákan náà fún bàbá náà. Ohun tó rí nínú àwọn méjèèjì yàtọ̀ síra pátápátá. Omi lè gba ẹ̀mí ìyálọ́jà náà là, ṣùgbọ́n omi kan náà lè gba ẹ̀mí bàbá náà.

Kí ni dókítà náà ń wò? Òpójẹ̀ tó tóbi jù lọ nínú àwọn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sínú ọkàn ni. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó ṣàlàyé iṣẹ́ tí òpójẹ̀ náà ń ṣe, bí wọ́n ṣe ń fi ìró wò ó, àti ìdí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni gbára lé ohun tó bá fi hàn nìkan, ì báà jẹ́ dókítà tàbí mọ̀lẹ́bí aláìsàn.

Odò Tó Ń Ṣàn Padà Sínú Ọkàn

Oríṣi òpójẹ̀ ńláńlá méjì ló wà nínú ara wa. Àwọn kan ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde látinú ọkàn. Ògiri wọn nípọn, ẹ̀jẹ̀ sì ń fi agbára kọjá nínú wọn. Àwọn yòókù ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sínú ọkàn. Ògiri tiwọn fẹ́lẹ́, ẹ̀jẹ̀ inú wọn sì ń rọra ṣàn ni. Nínú gbogbo àwọn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà yìí, kò sí èyí tó tóbi tó èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní inferior vena cava. Láti ìhín lọ, òpójẹ̀ ńlá ni a ó máa pè é.

Ìsàlẹ̀ ikùn ni òpójẹ̀ ńlá ti bẹ̀rẹ̀, níwájú egungun ẹ̀yìn, níbi tí òpójẹ̀ méjì tó ń bọ̀ láti ẹsẹ̀ àti ìbàdí ti pàdé. Bó ṣe ń gòkè lọ ni àwọn òpójẹ̀ mìíràn ń ya wọnú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn odò kéékèèké ṣe máa ń ya wọnú odò ńlá. Àwọn tó ń bọ̀ láti inú kíndìnrín méjèèjì bá a pàdé lójú ọ̀nà, àwọn tó ń bọ̀ láti inú ẹ̀dọ̀ sì bá a pàdé nígbà tó bá kù díẹ̀ kó dé ọkàn. Ó gba ẹ̀yìn ẹ̀dọ̀ kọjá, ó la iṣan pẹlẹbẹ tó pààlà sáàárín ikùn àti àyà kọjá, ó sì tú ẹ̀jẹ̀ tó gbé wá sínú yàrá òkè lápá ọ̀tún ọkàn. Ní ṣókí, ọ̀nà yìí ni èyí tó pọ̀ jù lọ lára ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ̀ láti apá ìsàlẹ̀ ara, láti àtẹ́lẹsẹ̀ títí dé ikùn, ń gbà padà sílé.

Fífẹ́lẹ́ tí ògiri òpójẹ̀ ńlá fẹ́lẹ́ ló mú kó wúlò fún àyẹ̀wò. Ẹ ronú nípa omi inú ọ̀rá tí wọ́n ń tà lójú pópó. Bí ọ̀rá náà bá kún, ó máa ń le. Ṣùgbọ́n bí omi inú rẹ̀ bá ti dín kù, ó di ohun tó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Bí ọmọdé bá sì fi ẹnu fa omi tó ṣẹ́ kù, ọ̀rá náà yóò pa pọ̀ mọ́ra. Bí ọ̀rọ̀ òpójẹ̀ ńlá ṣe rí gan-an nìyẹn. Nígbà tí a bá mí sínú, àyà wa ń fẹ̀, ó sì ń fa ẹ̀jẹ̀ wọlé láti inú ikùn. Òpójẹ̀ ńlá á wá tín-ínrín díẹ̀. Nígbà tí a bá mí síta, á fẹ̀ padà. Bí ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ kò bá pọ̀, ó lè pa pọ̀ débi tí ògiri rẹ̀ méjèèjì yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá sì kún inú rẹ̀ nítorí pé ọkàn kò rí i gbé lọ, ńṣe ni yóò wú, mímí kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ yí i padà.

Bí Ìró Ṣe Ń Ya Àwòrán

Bí èèyàn bá kígbe síhà òkè olókùúta, ohùn rẹ̀ yóò padà wá bá a. Gbohùngbohùn nìyẹn. Ọgbọ́n yìí ni àdán ń lò láti mọ ibi tí kòkòrò wà nínú òkùnkùn, òun náà sì ni ẹ̀rọ ultrasound ń lò, ìyẹn ẹ̀rọ tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ mọ́ àyẹ̀wò aboyún. Ìró tí etí èèyàn lè gbọ́ kì í kọjá nǹkan bí ìgbì 20,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tí ẹ̀rọ náà ń lò fún inú ikùn máa ń tó mílíọ̀nù 2 sí mílíọ̀nù 5. Ẹ̀rọ náà ń rán ìró yìí wọnú ara, ó ń dúró de èyí tó bá padà, ó sì ń fi àkókò tí ó gbà kó tó padà ṣírò bí ohun tó dá a padà ti jìnnà tó. Ìṣirò wọ̀nyí ló ń para pọ̀ di àwòrán lójú ẹ̀rọ. Ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dá ìró padà, nítorí náà dúdú ni inú òpójẹ̀ máa ń rí. Ẹ̀dọ̀ máa ń rí bí eérú. Afẹ́fẹ́ kì í jẹ́ kí ìró kọjá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́kọ́ fi ohun tó ń yọ̀ yẹn pa ara, kí afẹ́fẹ́ má bàa wà láàárín awọ ara àti ọwọ́ ẹ̀rọ náà.

Inú ilé iṣẹ́ irin ni ọ̀kan lára àwọn tó mú ọgbọ́n yìí wọ ilé ìwòsàn ti rí i kọ́. Ní ọdún 1955, Ian Donald, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìtọ́jú aboyún ní Yunifásítì Glasgow lórílẹ̀-èdè Scotland, kó àwọn kókó tí wọ́n ti gé jáde látinú ikùn àwọn aláìsàn lọ sí ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń fi ìró wá àlébù inú irin. Ó rí i pé ìró tó ń padà láti inú kókó tó le yàtọ̀ sí èyí tó ń padà láti inú èyí tó kún fún omi. Ní 1958, òun àti dókítà John MacVicar pẹ̀lú onímọ̀ ẹ̀rọ Tom Brown tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet. Lónìí, àwọn kan wà lára ẹ̀rọ yìí tí kò tóbi ju fóònù alágbèéká lọ.

Bí Wọ́n Ṣe Ń Wọn Òpójẹ̀ Ńlá

Kí ẹ̀rọ yìí tó wọ́pọ̀, báwo ni àwọn dókítà ṣe ń mọ bí ẹ̀jẹ̀ tó ń padà sínú ọkàn ṣe pọ̀ tó? Wọ́n lè wo òpójẹ̀ ọrùn bóyá ó wú. Bí wọ́n bá sì fẹ́ mọ iye rẹ̀ ní pàtó, wọ́n á ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ òpójẹ̀ ọrùn tàbí ti àyà títí yóò fi dé ìtòsí ọkàn. Wọ́n ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá pọn dandan, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí kò léwu. Ẹ̀jẹ̀ lè dà, rọ́bà náà lè kó àrùn wọ ara, abẹ́rẹ́ sì lè gún ẹ̀dọ̀fóró.

Àyẹ̀wò tí à ń sọ yìí kò ní irú ewu bẹ́ẹ̀. Aláìsàn á nà sílẹ̀ ní ẹ̀yìn. Dókítà á gbé ọwọ́ ẹ̀rọ sí abẹ́ egungun àárín àyà, á wá ọkàn àti ẹ̀dọ̀ rí, á sì wá òpójẹ̀ dúdú gbọọrọ tó gba ẹ̀yìn ẹ̀dọ̀ wọnú ọkàn. Ibi tí kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 lọ sí ẹnu ọ̀nà ọkàn ni wọ́n ti máa ń wọn fífẹ̀ rẹ̀. Wọ́n á wọ̀n ọ́n nígbà tí aláìsàn bá mí síta, wọ́n á sì tún wọ̀n ọ́n nígbà tó bá mí sínú. Nígbà mìíràn, wọ́n lè ní kó fi imú fa èémí lẹ́ẹ̀kan, bí ìgbà tí èèyàn ń gbóòórùn ọbẹ̀.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ká ní òpójẹ̀ náà fẹ̀ tó mìlímítà 18 nígbà tí aláìsàn mí síta, tó sì di mìlímítà 7 nígbà tó mí sínú. Mìlímítà 11 ló fi dín kù. Bí a bá fi 18 pín 11, a ó rí i pé ó ti pa pọ̀ ní nǹkan bí ìdá 61 nínú 100.

Ní ọdún 2010, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa fífi ìró wo ọkàn ní Amẹ́ríkà gbé ìlànà kan jáde fún àgbàlagbà tó ń fúnra rẹ̀ mí. Bí òpójẹ̀ ńlá kò bá fẹ̀ ju mìlímítà 21 lọ, tó sì pa pọ̀ ju ìdá 50 nínú 100 lọ nígbà tí aláìsàn fa èémí símú, a lè gbà pé ìfúnpá inú yàrá òkè apá ọ̀tún ọkàn kò ga: a lè kà á sí nǹkan bíi 3, ní irú òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá wa. Bó bá fẹ̀ ju mìlímítà 21 lọ, tí kò sì pa pọ̀ tó ìdajì, a lè kà á sí nǹkan bíi 15, èyí tó ga. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá bá ìlànà mu tí èkejì kò sì bá a mu, a lè fi í sí àárín, ní nǹkan bíi 8.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àwọn aláìsàn wa. Òpójẹ̀ ńlá ìyálọ́jà náà tín-ínrín, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa pọ̀ tán ní gbogbo ìgbà tó bá mí sínú. Ti bàbá náà wú, kò sì mira bó ti wù kó mí tó. Omi ti gbẹ lára ìyálọ́jà. Ní ti bàbá, omi pọ̀ lára rẹ̀, ọkàn rẹ̀ ni kò rí i tú jáde.

Nígbà Tí Omi Bá Di Ewu

Àwọn àgbà máa ń sọ pé omi kò lọ́tàá. Bóyá ìyẹn wà lára ohun tó mú kí ọ̀pọ̀ lọ́dọ̀ wa gbà pé kò sí aláìsàn tí omi kò lè ṣe lóore, àti pé dókítà tí kò bá fa omi síni lára kò tíì ṣètọ́jú. Ìwádìí méjì tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Áfíríkà fi hàn pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Láàárín ọdún 2009 sí 2011, àwọn olùṣèwádìí ní Kẹ́ńyà, Tanzania àti Uganda ṣàyẹ̀wò bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àwọn ọmọdé tó lé ní 3,000 tí ara wọn ń gbóná gan-an, tí ẹ̀jẹ̀ kò sì lọ yí ká ara wọn dáadáa. Àwọn ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe kò sí lára wọn. Wọ́n tètè fa omi púpọ̀ sára àwọn kan, wọn kò sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn yòókù; omi díẹ̀díẹ̀ tí ara ń lò lójúmọ́ ni wọ́n fún wọn. Ọ̀pọ̀ ló rò pé àwọn tó gba omi púpọ̀ ni yóò yè jù. Òdìkejì rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Láàárín wákàtí 48, nǹkan bí ìdá 10.5 nínú 100 lára àwọn tí wọ́n fa omi púpọ̀ sí lára ló kú. Lára àwọn yòókù, ìdá 7.3 nínú 100 ló kú. Wọ́n dá ìwádìí náà dúró kí àkókò rẹ̀ tó pé.

Ìwádìí kejì wáyé ní ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní ìlú Lusaka, lórílẹ̀-èdè Zambia, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2017. Àgbàlagbà ni àwọn wọ̀nyí, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ní kòkòrò HIV, àrùn ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ wọn, ìfúnpá wọn sì ti wálẹ̀. Ìdá 48.1 nínú 100 ló kú nínú àwọn tí wọ́n tọ́jú ní ìlànà tó mú kí wọ́n tètè gba omi púpọ̀ àti oògùn tó ń gbé ìfúnpá sókè. Nínú àwọn tí wọ́n tọ́jú bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, ìdá 33 nínú 100 ló kú.

Kí ni a rí kọ́? Kì í ṣe pé omi burú. Ẹni tí ìgbẹ́ gbuuru tàbí onígbáméjì ti fa omi ara rẹ̀ gbẹ lè kú láàárín wákàtí díẹ̀ bí kò bá rí omi gbà. Ohun tí a rí kọ́ ni pé oògùn ni omi tí wọ́n ń fà síni lára. Gẹ́gẹ́ bí oògùn èyíkéyìí, ó ní ẹni tó yẹ, ó ní ìwọ̀n tó yẹ, ó sì ní àkókò tó yẹ kí wọ́n dá a dúró. Bó bá pọ̀ jù, ó lè kún inú ẹ̀dọ̀fóró, kí aláìsàn má sì lè mí mọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi ń wá ohunkóhun tó lè jẹ́ kí wọ́n mọ ìgbà tó tó.

Ibi Tí Òpójẹ̀ Ńlá Ti Lè Ṣini Lọ́nà

Ǹjẹ́ àyẹ̀wò òpójẹ̀ ńlá nìkan wá tó láti fi ṣèpinnu? Rárá o. Ẹ gbọ́ díẹ̀ lára ìdí rẹ̀.

Lákọ̀ọ́kọ́, ó rọrùn láti wo òpójẹ̀ tí kì í ṣe òun. Aorta, ìyẹn òpójẹ̀ tó tóbi jù lọ nínú àwọn tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde látinú ọkàn, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lápá òsì. Dókítà tó bá ń kánjú lè wọn aorta kó sì rò pé òpójẹ̀ ńlá lòun wọ̀n. Ẹni tó bá mọṣẹ́ á wò ó bóyá ògiri rẹ̀ nípọn, bóyá ó ń lù bí ọkàn ti ń lù, àti bóyá lóòótọ́ ló wọnú ọkàn láti ẹ̀yìn ẹ̀dọ̀.

Èkejì, bí a ṣe ń mí ń yí ohun tí ẹ̀rọ rí padà. Ẹni tó ń fi agbára mí gúlegúle lè mú kí òpójẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ pọ̀ tó pa pọ̀. Ẹni tí kò lè mí kanlẹ̀ lè mú kí èyí tí ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ kò tó dà bí èyí tó kún. Bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀rọ ló ń bá aláìsàn mí, ńṣe ni ọ̀ràn náà yí padà: ẹ̀rọ ń ti afẹ́fẹ́ wọnú àyà ni, nítorí náà òpójẹ̀ ńlá á fẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá wọlé. Ìlànà ti ọdún 2010 tí a mẹ́nu kàn lẹ́ẹ̀kan kò bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ mu.

Ẹ̀kẹta, òpójẹ̀ ńlá tó wú kò fi dandan túmọ̀ sí pé omi pọ̀ jù lára. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lára eléré ìdárayá tí ara rẹ̀ le koko. Ó lè wú nítorí pé ẹ̀jẹ̀ dídì dí ọ̀nà nínú ẹ̀dọ̀fóró, tàbí nítorí pé ilẹ̀kùn tó wà láàárín yàrá méjèèjì apá ọ̀tún ọkàn ń jò. Lára aláboyún tí oyún rẹ̀ ti dàgbà, ilé ọmọ lè tẹ òpójẹ̀ náà pa bí obìnrin náà bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ ni pé kó fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ló ṣe pàtàkì jù. Òpójẹ̀ ńlá tó ń pa pọ̀ kò túmọ̀ sí pé ara nílò omi. Ọ̀pọ̀ èèyàn tí ara wọn dá ṣáṣá ni tiwọn máa ń pa pọ̀, kò sì sí ẹni tó ń fa omi sí wọn lára. Ohun tí òpójẹ̀ náà lè sọ ni bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń padà sẹ́nu ọ̀nà ọkàn. Kò lè sọ bóyá ọkàn lágbára láti lo omi tí wọ́n bá fi kún un.

Nítorí náà, dókítà tó mọṣẹ́ kì í dúró síbẹ̀. Ó máa ń fi ẹ̀rọ kan náà wo bí ọkàn ṣe ń tú ẹ̀jẹ̀ jáde, ó máa ń wo ẹ̀dọ̀fóró bóyá omi ti wà níbẹ̀, ó máa ń béèrè ìgbà tí aláìsàn tọ̀ kẹ́yìn, ó sì máa ń tún àyẹ̀wò náà ṣe lẹ́yìn tí omi díẹ̀ bá ti wọlé.

Ohun Tí Àwa Náà Lè Ṣe

Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ní ẹ̀rọ yìí, kì í sì í ṣe iṣẹ́ mọ̀lẹ́bí láti sọ fún dókítà bó ṣe máa lò ó. Síbẹ̀, ipa tiwa kò kéré.

◆ Ẹ sọ ìtàn àìsàn náà bó ṣe rí. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ẹ̀ẹ̀melòó ló ti yàgbẹ́ tàbí tó ti bì? Ìgbà wo ló tọ̀ kẹ́yìn? Ǹjẹ́ àìsàn ọkàn tàbí ti kíndìnrín ń ṣe é tẹ́lẹ̀? Ǹjẹ́ ó lóyún? Oògùn wo ló ń lò?

◆ Dípò tí ẹ ó fi máa fi dandan béèrè pé kí wọ́n fa omi sí i lára, ẹ béèrè pé: “Dókítà, ǹjẹ́ ara rẹ̀ nílò omi? Báwo ni a ṣe máa mọ̀ bó bá ti tó?”

◆ Ẹ má ṣe ra omi abẹ́rẹ́ fún ẹni tó kàn rẹ̀, kí ẹ wá ní kí ẹnì kan wá fà á sí i lára nílé.

◆ Bí wọ́n bá ń fa omi sára èèyàn yín, tí èémí rẹ̀ wá ń le sí i, tó ń wúkọ́, tàbí tí kò lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀ mọ́, ẹ pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe dúró kí omi náà tán.

◆ Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ fi ẹ̀rọ ultrasound wo inú ikùn tàbí ọkàn rẹ̀, ẹ má ṣe bẹ̀rù. Kì í dunni, wọn kì í gúnni lábẹ́rẹ́ nítorí rẹ̀, kò sì ní ìtànṣán bíi ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ya fọ́tò egungun.

Ní ti àwọn aláìsàn méjì tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wa, dókítà ní kí wọ́n fa omi sára ìyálọ́jà náà kíákíá, ó sì ń padà wò ó lóòrèkóòrè. Kò fa omi sí bàbá náà lára. Oògùn tó ń ran ọkàn lọ́wọ́ ló fún un, ó sì jókòó tì í láti ṣọ́ èémí rẹ̀. Ọmọ bàbá náà lè ti rò pé dókítà ń fi baba òun ṣeré. Ṣùgbọ́n ní òru ọjọ́ yẹn, omi tí wọn kò fà sí bàbá náà lára ni ìtọ́jú rẹ̀.